Àkọ̀ Pupa Tí Mo Rán fún Ọ̀bẹ Bàbá Mi

Òórùn èèpo obì tó ti rà sínú omi ni mo fi máa ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nígbà èwe mi. Ìyá mi á ti jí ṣáájú gbogbo ilé. Á ti da obì gbàǹja tó rẹ mọ́jú sínú agbọ̀n, á máa fi ọwọ́ bó awọ funfun ara rẹ̀ dànù, á sì máa ṣàn án. Òórùn náà korò díẹ̀, ó dùn díẹ̀, ẹni tí kò bá gbé ilé olóbì rí kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Ṣàgámù rí mọ ohun tí mò ń sọ. Lẹ́yìn òórùn obì ni òórùn pákó máa ń dé láti ìsàlẹ̀ àgbàlá wa ní Ìjókù, níbi tí bàbá mi ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà lábẹ́ àtíbàbà páànù. Bó bá jẹ́ àfàrà ló ń fá, a kì í fura. Bó bá jẹ́ ìrókò, gbogbo wa á máa sín.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, òórùn obì nìkan ló dé. Mo dìde lórí ẹní, mo lọ wo ìsàlẹ̀ àgbàlá. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń fi aṣọ di itan rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti gba inú ṣòkòtò rẹ̀ jáde. Ọ̀bẹ kékeré kan wà nílẹ̀ láàárín èérún igi, kò sì sẹ́ni tó mú un.

Ilẹ̀kùn ni bàbá mi fẹ́ gbé. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ọ̀bẹ tó wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ gba inú aṣọ kọjá, ó sì wọ ara.

"Mo sọ ọ́, mo sọ ọ́, ẹ ò gbọ́," ni ìyá mi ń wí. "Inú ṣáláńgá ni n ó ju ọ̀bẹ yìí sí lónìí."

"Bí o bá jù ú síbẹ̀," ni bàbá mi dáhùn, "ìwọ náà lo máa wọlé lọ mú un."

Ọ̀bẹ náà kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ìka àárín àgbàlagbà lọ. Alágbẹ̀dẹ kan ló fi ayùn tó ti kán rọ ọ́ fún un, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló sì gbẹ́ èèkù rẹ̀ láti ara igi gúáfà. Òun ló fi ń fa ìlà sára pákó kó tó fi ayùn rẹ́ ẹ. Pẹ́ńsù ni àwọn káfíńtà yòókù máa ń há sétí, ṣùgbọ́n bàbá mi kì í lò ó. Ó ní ìlà pẹ́ńsù nípọn, ènìyàn lè rẹ́ ẹ sí ọ̀tún, ó lè rẹ́ ẹ sí òsì, kó sì máa tan ara rẹ̀ pé orí ìlà lòun wà. Ó ní ti ọ̀bẹ kò ní àríyànjiyàn. Ọ̀bẹ yẹn kan náà ló fi ń gbẹ́ ẹnu ìṣó onígi ṣóńṣó, òun ló sì fi ń họ gọ́ọ̀mù tó bá ti gbẹ sí ojú oríkèé àga. Nítorí pé ìgbà gbogbo ló ń lò ó, kì í gbé e jìnnà sí ara. Nígbà mìíràn, á tì í bọ inú fìlà. Bí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bá dí, á fi eyín há a. Àpò ṣòkòtò ló sì máa ń wà jù.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá sọ ọ̀kan, ẹni tó gbọ́ ọ á gbé e kiri fún ìgbà pípẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó wo ọ̀bẹ tó wà nílẹ̀, ó ní, "Irinṣẹ́ tí kò nílé, ara ẹni tó ni ín ló máa fi ṣe ilé." Lẹ́yìn náà, ó ní kí n bá òun mú un.

Mi ò tíì pẹ́ nínú ilé náà nígbà yẹn. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ní abúlé ni mo ti dàgbà. Màmá àgbà kò gbà kí wọ́n mú mi kúrò lọ́dọ̀ òun, nítorí èmi ni mò ń pọn omi fún un, èmi náà sì ni mò ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ìgbà tó kú ni wọ́n tó mú mi wá sí Ṣàgámù, tí wọ́n sì fi mí sí ilé ìwé. Mo ti ga ju gbogbo àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì kìíní lọ. Bàbá Kíláàsì ni wọ́n ń pè mí. Rẹ́mọ abúlé tún ni mò ń sọ, bí Màmá àgbà ṣe ń sọ ọ́. Bí mo bá ti lanu, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, nítorí náà ni mo ṣe wá ń pa ẹnu mi mọ́. Mi ò mọ bàbá mi dáadáa, òun náà kò sì tíì mọ̀ mí. Mò ń wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo àlejò pàtàkì tó wọ̀ sílé ẹni. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé nígbà náà ni pé kó yíjú sí mi kó sọ pé mo ṣe dáadáa.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ tí kò nílé ni mo dì mú. Mo ní èmi ni n ó kọ́ ilé fún ọ̀bẹ náà.

Páálí ṣúgà ni mo kọ́kọ́ lò. Mo ká a, mo fi òwú dì í. Bí mo ṣe ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ báyìí, ẹnu rẹ̀ yọ ní òdì kejì. Mo tún wá túùbù kẹ̀kẹ́ tó ti bẹ́, mo gé e, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ìyẹn gba ọ̀bẹ wọlé, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kó jáde mọ́. Ìyá mi bá mi níbi tí mo ti ń fi gbogbo agbára fà á.

"Ìwọ Ràfíù," ló wí, "ṣé o fẹ́ bá bàbá ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà ni?" Ó gba túùbù náà lọ́wọ́ mi, ó sọ ọ́ sórí àtíbàbà. Ọ̀bẹ nìkan ló dá padà.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń bá ìyá mi ru agbọ̀n obì lọ sí Sábó. Ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ tó jẹ́ Hausa wà, àwọn tó ń kó obì lọ sí Òkè Ọya. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná obì, ọ̀rọ̀ wọn kì í tán bọ̀rọ̀. Èmi a lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò kan, níbi tí bàbá arúgbó kan ti ń fi awọ ṣiṣẹ́. Bàbá Gàrúbà ni wọ́n ń pè é. Ó ti wà ní Ṣàgámù kí wọ́n tó bí mi. Ó ń rán báàgì, ó ń rán bàtà, ṣùgbọ́n tírà ló ń rán jù. Àwọn ààfáà á kọ ọ́, wọ́n á ká a, wọ́n á gbé e wá, òun á sì fi awọ ewúrẹ́ pupa bò ó, á rán an pa, kí ẹni tó ni ín lè so ó kọ́rùn tàbí kó so ó mọ́pá.

"Ìwọ ọmọ olóbì," ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "gbogbo Sátidé lò ń wò mí. Kí lò ń wò?"

"Mo fẹ́ rán àkọ̀, Bàbá."

"Àkọ̀ kí ni?"

"Ti ọ̀bẹ bàbá mi. Ó gún un."

Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ọ̀bẹ gún bàbá. Ọmọ fẹ́ rán ẹ̀wù fún ọ̀bẹ." Ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. Ó wá fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sọ́dọ̀ mi. "Jókòó."

Ó ní mi ò gbọdọ̀ gbé ọ̀bẹ náà wá, pé ọ̀bẹ àti ọmọdé kì í rìn pa pọ̀ lọ́nà jíjìn. Ó ní kí n fi igi gbẹ́ ìkejì rẹ̀ wá. Nígbà tí bàbá mi lọ kírun, tó fi ọ̀bẹ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo gbé e sórí àjákù pákó arère kan, mo fi èédú fa ìlà yí i ká, mo sì dá a padà sí ibi tó wà. Ọ̀bẹ ìdáná ìyá mi ni mo fi gbẹ́ igi náà lẹ́yìn ilé. Nígbà tí Bàbá Gàrúbà rí i, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó ní, "Ọ̀bẹ yìí sanra ju bí o ṣe sọ lọ." Mo mú un padà lọ fá. Ní Sátidé kejì, ó gbà á.

Ó kọ́ mi pé awọ gbígbẹ kì í gbọ́ràn. Ó rẹ ẹ́ sínú omi, ó ní kí n fi we ọ̀bẹ onígi náà, kí n fi okùn dì í, kí n sì gbé e sóòrùn. Nígbà tó gbẹ tán, tí a tú okùn, awọ náà ti mú ìrísí ọ̀bẹ, bí ẹni pé ọ̀bẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Ó tún fi ohun kan hàn mí tí mi ò jẹ́ rò láéláé. Ó gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi sí àárín etí méjèèjì níbi tí a máa rán. "Ẹnu ọ̀bẹ á fẹ́ jẹ òwú," ló wí. "Fún un ní awọ yìí kó máa jẹ. Kó tó jẹ ẹ́ tán, ìwọ á ti di bàbá àgbà."

Òlu la fi lu ihò rẹ̀. Ìda oyin la fi pa òwú kí omi má baà mú un. Abẹ́rẹ́ méjì ló ń gba ojú ihò kan náà, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀. Mo máa ń fà á pẹ̀lú ìbínú. Òun á gbá mi lọ́wọ́ pẹ́ẹ́. "Fà á. Má jà á." Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rán an tán, tí inú mi sì ń dùn, ó wò ó, ó fi abẹ tú gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó sì dá òwú tuntun fún mi. Mo sunkún. Kò wo ojú mi. Ó ń rán tírà rẹ̀ lọ títí ẹkún náà fi tán, mo sì bẹ̀rẹ̀ padà.

Ibi tí bàbá mi yóò gbé e kọ́ ló kù. Kò ní bẹ́líìtì, okùn ló fi ń di ṣòkòtò, ó sì máa ń lóṣòó púpọ̀ nídìí iṣẹ́. Bàbá Gàrúbà ní ọrùn ló dára jù, kó wálẹ̀ sí àyà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè bá a. Ó ní kí n ṣe ìdérí sí i, kí ó bo èèkù náà pátá, kí ọ̀bẹ má baà já bọ́ bí bàbá mi bá bẹ̀rẹ̀, kí ìyẹ̀fun igi má sì kún inú rẹ̀. Awọ pupa ló ní, awọ pupa la fi ṣe é. Ó fi okùn awọ sí i. Ó dára lójú mi ju ohunkóhun tí mo ti rí lọ. Àwa méjèèjì kò rí ohun tí gbogbo ènìyàn máa rí. Òun ti ń rán tírà láti ìgbà èwe rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ọ̀nà mìíràn. Èmi, ọ̀bẹ nìkan ni mò ń rò.

Mo gbé e fún bàbá mi nídìí iṣẹ́. Mo da ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ pọ̀, nítorí mi ò mọ èyí tó yẹ kí n ṣe. Ó nu ọwọ́, ó gbà á. Ó ṣí ìdérí, ó ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ó dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ó sì gbọ̀n ọ́n. Ọ̀bẹ kò já bọ́. Ó gbé e kọ́rùn. Ó mú ráńdà rẹ̀, ó ń fá pákó lọ.

Mo dúró níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Mo retí i di ìrọ̀lẹ́, mo retí i ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó ní, "Ó ti gbé e kọ́rùn. Kí lo tún fẹ́ kó wí?" Mo mọ ohun tí mo fẹ́ kó wí, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ Ìkẹ́nnẹ́ dé. Ìjọ kan níbẹ̀ fẹ́ ṣe bẹ́ǹṣì tuntun àti tábìlì tí wọ́n ń gbé oúnjẹ Olúwa lé. Ẹnì kan ló júwe bàbá mi fún wọn. Pé a jẹ́ mùsùlùmí kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́ ní Rẹ́mọ, nígbà yẹn tàbí nísinsìnyí. Wọ́n ti kó pákó ìrókò sílẹ̀, bàbá mi sì ti ṣe bẹ́ǹṣì kan lọ fún wọn wò, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ náà. Ó ní àwọn ọmọ ọmọ àwọn ènìyàn yẹn á ṣì jókòó lé e.

Àsìkò ọlidé ni, ó sì mú mi dání lọ́jọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ń bójú tó iṣẹ́ náà. Màmá Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó ga, ó gún régé, ó fi òwú so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn. Ó fún wa lómi, ó kí wa dáadáa. Ibi tó ti ń kí wa lọ́wọ́ ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sí àyà bàbá mi. Ó wọlé lọ bá àwọn àgbà ìjọ, wọ́n pẹ́ díẹ̀, ó sì jáde.

"Bàbá Ràfíù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yìí sinmi ná. Ẹ máa lọ sílé. A ó ránṣẹ́ sí yín."

Bàbá mi ní ó dáa, Mà. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. A ti fẹ́ dé Ṣàgámù nínú ọkọ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Ràfíù, ṣé bẹ́ǹṣì yẹn ń mì ni?"

"Rárá, Bàbá. Kò mì."

Ó mi orí, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò gbà mí gbọ́. Ní gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ó ń ṣe oríkèé pákó kan, á tò ó pọ̀, á tú u, á tún ṣe òmíràn. Kò sẹ́ni tó dá iṣẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀. Kò sì ránṣẹ́ lọ béèrè, nítorí wọ́n ti ní àwọn ló máa ránṣẹ́.

Ìyá mi ló gbọ́ ọ lọ́jà, lẹ́nu obìnrin ará Ìkẹ́nnẹ́ kan tó máa ń ra obì lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà ní, "Ìyá Ràfíù, ṣé kò sí tírà kékeré nílé yín ni? Èyí tó tóbi tó Kùránì ni ọkọ yín gbé kọ́rùn wọ ṣọ́ọ̀ṣì." Ìyá mi ní òun rẹ́rìn-ín títí obì fi dànù lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń sọ ọ́ fún wa nílé, kò rẹ́rìn-ín dé ìparí.

Bàbá mi yìí kan náà ni kì í gba tírà láyè nínú ilé rẹ̀. Nígbà tí gìrì ń ṣe mí lọ́mọ ọwọ́, kí n tó dé ọ̀dọ̀ Màmá àgbà, ààfáà kan gbé ọ̀kan wá fún mi, ó sì dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní Ọlọ́run tó dá ọmọ náà mọ ilé tó wà, kò dìgbà tí a bá so àdírẹ́sì mọ́ ọn lọ́rùn.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà níbi tí mo jókòó sí. Ohun tí mo fi ṣe ẹ̀bùn ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dìde, mo mú àlùmọ́gàjí ìyá mi, mo lọ bá a nídìí iṣẹ́. Mo ní kó bá mi bọ́ àkọ̀ náà.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ gé e, Bàbá."

Ó wo àlùmọ́gàjí, ó wo ojú mi. Kò bọ́ ọ.

Ìyá mi ti tẹ̀ lé mi. "Bàbá Ràfíù, awọ lásán ni. Ẹ gbé e pamọ́, kí ẹ lọ ṣiṣẹ́ yín. Bí ẹ bá parí rẹ̀, kí ẹ tún gbé e kọ́."

"Bí mo bá bọ́ ọ," ni bàbá mi wí, "mo ti gbà fún wọn pé ohun tí wọ́n pè é ló jẹ́."

"Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́," ni ìyá mi fi dá a lóhùn. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ bá ń ṣe oríkunkun ló máa ń pa òwe yẹn.

"Tèmi kì í ṣe idà. Ọ̀bẹ ni." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dá àlùmọ́gàjí padà, kí n sì múra, pé a ń lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ lọ́la.

Mi ò fẹ́ lọ. Ní gbogbo ọ̀nà, mò ń wo àkọ̀ náà lórí bùbá rẹ̀. Kò tì í sínú aṣọ rárá. Ó pupa ju bó ṣe máa ń pupa lọ.

A bá Màmá Tíṣà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn obìnrin kan ti ń gbálẹ̀. Bàbá mi kí i, èmi náà dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun wá gbé bẹ́ǹṣì òun lọ sílé, bí kò bá dára.

"Kò sí ohun tó ṣe bẹ́ǹṣì yín, Bàbá Ràfíù. Ó dára gan-an."

"Kí ló wá ṣe mí, Mà?"

Àwọn tó ń gbálẹ̀ dúró. Màmá Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún gbé e wọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ títí dòní nítorí pé kò purọ́. "Ẹ má bínú. Ohun tó wà lọ́rùn yín ni. A ò bá ẹ̀sìn yín jà o. Ṣùgbọ́n tábìlì Olúwa ni tábìlì yìí, a ò fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ pẹ̀lú oògùn lọ́rùn."

Mo rò pé bàbá mi máa bínú. Ó yíjú sí mi, ó lóṣòó síwájú mi, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì tẹ orí ba.

"Ràfíù," ló wí, "bá mi yọ ọ̀bẹ."

Ọrùn rẹ̀ wà níwájú mi. Mi ò tíì sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo rí irun funfun tó ti hù lẹ́yìn etí rẹ̀, mo gbóòórùn ìrókò àti ọṣẹ lára rẹ̀. Mo ṣí ìdérí, mo di èèkù mú, mo sì fa ọ̀bẹ náà jáde jẹ́jẹ́.

Màmá Tíṣà tẹjú mọ́ ọn. "Ọ̀bẹ?"

"Ọ̀bẹ ni, Mà," ni mo wí.

"Ọ̀bẹ lásán?"

"Kì í ṣe lásán, Mà. Ó mú."

Obìnrin kan tó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá mi dìde. Nígbà náà ló bọ́ àkọ̀ náà lọ́rùn, tó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màmá Tíṣà. Ìyá náà ti ìka bọ inú rẹ̀, ó wá ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ó dojú rẹ̀ dé, ó gbọ̀n ọ́n. Ìyẹ̀fun igi dà sórí ìró rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó jáde.

"Ta ló rán èyí?"

"Ọmọ tó dúró yìí ni, Mà." Bàbá mi ló dáhùn. Mo rò pé ó ti parí. Ó tún ní, "Àkọ̀ tó dára ni. Látìgbà tó ti rán an fún mi, ọ̀bẹ kò kàn mí lára mọ́."

Ojú Màmá Tíṣà ló ń wò nígbà tó sọ ọ́. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

Màmá Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì tuntun náà, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Bẹ́ǹṣì kò mì. Ó ní, "Bàbá Ràfíù, ẹ dárí jì wá." Ó wá pè mí sọ́dọ̀. "Àlùmọ́gàjí tí mo fi ń ránṣọ ń já gbogbo àpò mi. Ṣé o lè ṣe tèmi?"

Mo ní mo lè ṣe é. Mo ní n ó wá awọ dúdú fún un.

"Dúdú kẹ̀? Pupa bíi ti bàbá ẹ ni mo fẹ́."

Bàbá Gàrúbà bá mi ṣe é, Màmá Tíṣà sì gbé e kọ́rùn lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ. Wọ́n ní àwọn kan wo ilẹ̀, àwọn kan wo òkè, kò sẹ́ni tó jẹ́ lanu. Ní gbogbo àkókò tí bàbá mi fi ṣe iṣẹ́ náà, mò ń bá a lọ ní Sátidé. Màmá Tíṣà á mú mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó, á sì máa kọ́ mi ní ìwé kíkà. Kò rẹ́rìn-ín sí Rẹ́mọ mi, nítorí òun náà ń sọ ọ́ bí inú bá bí i. Ibẹ̀ ni mo ti lé àwọn ẹgbẹ́ mi bá nínú ẹ̀kọ́.

Mo ti kọjá ọjọ́ orí tí bàbá mi wà nígbà náà. Iṣẹ́ ìjọba ni mo padà ṣe, mi ò di káfíńtà. Ìyàwó mi ti ṣaláìsí. Òun ló máa ń ra fìlà fún mi, mi ò sì ra òmíràn látìgbà náà. Bíọ́lá ọmọ mi, tó ń gbé ní Èkó, kíyè sí i. Ó wò ó lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń fi òwú hun fìlà, ó sì hun ọ̀kan fún mi. Ó gbé e wá lóṣù tó kọjá. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n jù, ẹ̀gbẹ́ kan sì ga ju ìkejì lọ díẹ̀. Ó fi dé mi lórí ní pálọ̀, ó sún sẹ́yìn, ó ń wò mí.

Mo ní, "Ó gba orí."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Dádì." Ó bá mi se ọbẹ̀ sílẹ̀, ó gbálẹ̀, mo sì sìn ín dé ibi tó ti máa wọkọ̀ ní Ìńtáṣéńjì.

Nígbà tí mo padà délé, mo jókòó pẹ̀lú fìlà náà lórí, mo sì ń ro ọ̀rọ̀ ọmọ tí mo jẹ́ nígbà kan, tó dúró ti bàbá rẹ̀ nídìí iṣẹ́, tó ń retí ọ̀rọ̀ kan di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ yẹn láyà jù mí lọ. Ó lè wọ Sábó lọ bá ẹni tí kò mọ̀ rí, kó sọ ohun tó fẹ́ ní gbólóhùn kan. Ó lè sunkún, kó sì tún bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ti ka ìwé, tí mo ti kọ lẹ́tà fún ọ̀gá kan tẹ̀ lé òmíràn, gbólóhùn kan péré ni mo rí sọ fún ọmọ mi, ti ìwọ̀n orí ni. Ti bàbá mi yé mi. Iye ọ̀rọ̀ tó ní ló ná. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ì bá fẹ́ kó wo ojú òun sọ ọ́.

Mo mú fóònù. Bíọ́lá ṣì wà nínú ọkọ̀.

"Dádì, ṣé mo gbàgbé nǹkan ni?"

"Rárá. Fìlà yẹn ni. Ó wù mí gan-an. O ṣe dáadáa, Bíọ́lá. O ṣeun."

Mo gbé fóònù kúrò létí, mo wò ó bóyá nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Kò lọ. Mò ń gbọ́ ariwo ọkọ̀, mo sì gbọ́ tó ń fa imú.

"Dádì," ló wí nígbẹ̀yìn, "ṣé ara yín yá?"

Mo ní ara mi yá. Mo ní kó tẹ̀ mí láago bó bá délé.